Ohùn Àkàngbé Létígbọ̀ọ́ Láníhun

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn yẹn, bí ẹ bá jìnnà jù, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ẹ ó gbọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin ìlú. Èmi ni Ọdẹ́yalé ọmọ Ọdẹ́tọ́lá, ará Ìpàkúta. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí mo jẹ́, ẹ bi àwọn ẹran igbó, bí ó bá ku èyí tó lè dá yín lóhùn. Mo ti pa ẹkùn lọ́sàn-án gangan. Ìbọn mi ti kọ̀ láti yìn níwájú ẹfọ̀n rí, mo sì fi ìdí ìbọn náà gbá a níwájú orí títí òun fúnra rẹ̀ fi rò ó pé ó yẹ kí òun máa lọ. Gbogbo ìyẹn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí, ìbínú ló gbé mi dé ibẹ̀, ìbínú ló sì gbé mi padà wálé. Ẹni tí kò bá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbínú kó tètè máa lọ bá ìyàwó rẹ̀, èmi kò ní fi oyin sí i fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń sọ lójoojúmọ́ tí a kì í rò lẹ́ẹ̀mejì: etígbọ̀ọ́. Bí obìnrin méjì bá jà, èkíní á ní, "Ó bú ìyá mi létígbọ̀ọ́ mi!" Bí baba arúgbó bá fẹ́ pín ilẹ̀, á ní kí wọ́n pe gbogbo ẹbí jọ kí òun sọ ọ́ létígbọ̀ọ́ wọn, kí ẹnìkan má bàa ní òun kò gbọ́ lọ́la. Lọ́dọ̀ ẹ̀yin ará ilé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá dé tí etí gbà á ni. Lọ́dọ̀ àwa ọdẹ, òfin ni. Nígbà tí àwa ọdẹ Ìpàkúta bá kó ara wa jọ lọ sígbó, a ó tò lọ́kọ̀ọ̀kan la igbó já, oníkálukú á sì wà létígbọ̀ọ́ ẹni tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ àti ẹni tó wà lósì rẹ̀. O lè má rí i, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ọ. Èkíní á ké "Hóò!", èkejì á dáhùn "Hóò!", kí a tó gbé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ igbe ẹnìkejì rẹ̀ tí kò dáhùn, tí kò sì lọ, ó ti pa á nìyẹn, ì báà jẹ́ ẹranko ló fi ìwo gún un. Ẹni tó bá sì rìn kọjá etígbọ̀ọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí nǹkan ṣe é níbẹ̀, òun ló pa ara rẹ̀. A kì í ṣe ìṣípà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ètùtù tí a fi ń ya ọdẹ tó kú kúrò lára ẹgbẹ́. A kì í sun ìrẹ̀mọ̀jé, orin arò àwa ọdẹ, lórí òkú rẹ̀. A ó sin ín bí ẹni tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí, ẹnìkan kò sì ní dá a lórúkọ mọ́ láàrin ọdẹ. Ṣé ẹ ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré?

Ó dára. Ọdún tí ọyẹ́ mú tó fi jẹ́ pé odò Ọ̀ṣìn gbẹ dé ìsàlẹ̀, àwa méjìlá la wọ igbó. Èmi ni mo wà ní ìparí apá ọ̀tún. Àbúrò mi, Àkàngbé, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ló wà ní ìparí apá òsì lọ́hùn-ún. Láníhun ló tẹ̀ lé e. Ẹ fi sọ́kàn pé ẹni tó bá wà ní ìparí, etí ẹnìkan ṣoṣo ló ní. Àkàngbé ní ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, bó bá ké "Hóò!" a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ta ló wá gbé oúnjẹ wá fún wa. Á rẹ́rìn-ín, á tún un ké. Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, igbe Láníhun ń dé, ti Àkàngbé kò dé mọ́. A bèèrè lọ́wọ́ Láníhun, ó ní bóyá ó ti yà síbì kan. A wá a, a rí i. Ẹfọ̀n ti kàn án, ó ti la ikùn rẹ̀. Kò kú lójú ẹsẹ̀, ohun tó ń dùn mí dòní nìyẹn. Ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara rẹ̀ tó ogójì ẹsẹ̀ bàtà, ẹ̀jẹ̀ là ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dọ̀ Láníhun ló sì kọjú sí. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa á dé.

Láníhun dìde láàrin àwọn àgbà ọdẹ, ó ṣí fìlà. "Ẹ̀yin bàbá mi, ó dùn mí o. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ igbe kankan. Ọmọ náà ti kọjá etígbọ̀ọ́ mi." Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omi sì wà lójú rẹ̀. Háà! Ènìyàn! Bí a bá ta ọfà sókè tí a yí odó borí, bí ọba ayé kò rí wa, ti ọ̀run ń wò wá. Mo ní irọ́ ni. Mo ní kí gbogbo wa padà sígbó, kí èmi dúró síbi tí Àkàngbé kú sí, kí Láníhun dúró síbi tó wà lọ́jọ́ náà, kí n ké. A ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ké, ẹyẹ tú lórí igi. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ Láníhun ní àwọn gbọ́ mi kedere. Ẹ wá gbọ́ èsì tí ọkùnrin yìí fún wa: "Ohùn Ọdẹ́yalé kọ́ ló pè mí lọ́jọ́ yẹn. Ohùn Ọdẹ́yalé lè jí òkú. Ti Àkàngbé tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n." Olúọ́dẹ wa, Bàbá Ajíbóyè, mi orí títí. Ó ní, "Ọdẹ́yalé, ọmọ mi, òótọ́ ló sọ. Etígbọ̀ọ́ kì í ṣe okùn tí a ń fi ọwọ́ wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀rùn ń fà á gùn, òjò ń ké e kúrú, ohùn kálukú sì ni ìwọ̀n tirẹ̀. A kò lè fi ohùn ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n. Ohùn tó pè nìkan ló lè jẹ́rìí." Ohùn tó pè wà nínú ilẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi! Bí wọ́n ṣe sin àbúrò mi láìsí ìṣípà, láìsí ìrẹ̀mọ̀jé nìyẹn. Ìyá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sunkún, ó kàn ń bi ẹnikẹ́ni tó bá kọjá bóyá wọ́n gbọ́ ohùn ọmọ òun. Èmi dì í sínú. Mo fi Ògún búra pé Láníhun kò ní jẹ iṣu tuntun ọdún náà.

Àwọn àgbà ìlú wa máa ń sọ pé igbe tí a bá dá lóhùn ti parí, ó ti délé rẹ̀. Èyí tí ẹnìkan kò dá lóhùn kì í kú. Á máa rìn kiri láàrin ewé títí yóò fi dé Igbó Agbóhùnmì, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sí odò Ọ̀ṣìn, ibẹ̀ ni yóò sì máa gbé. Gbogbo ọdẹ ló mọ igbó náà, gbogbo ọdẹ ló sì ń yà fún un. Èmi gbé àpò, mo gbé ìbọn, mo ki ẹran gbígbẹ àti iyọ̀ bọ àpò, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. N kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ìnáwó ẹnu ni ìdágbére, mo sì ń tọ́jú gbogbo ẹnu tí mo ní fún Láníhun.

Nígbà tí mo sọdá odò kékeré kan tí omi rẹ̀ kò dún, mo mọ̀ pé mo ti dé. Mo tẹ igi gbígbẹ mọ́lẹ̀, ó ṣẹ́, n kò gbọ́ ọ. Mo wúkọ́, n kò gbọ́ ikọ́ mi. Igbó yẹn ń gbé ohùn mì kó tó jáde tán. Mo rìn síwájú, mo dé gbàgede kan, gbogbo igi ibẹ̀ ló so ahá àti àdó dípò èso, wọ́n pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà. Lórí òkìtì ọ̀gán láàrin wọn ni ẹ̀dá kan jókòó sí. Bí mo bá purọ́ fún yín, kí ìbọn mi má yìn mọ́. Kò ní ẹnu. Láti imú rẹ̀ dé àgbọ̀n, ó jọ̀lọ̀ bí ìdí awo. Etí rẹ̀ méjèèjì ló fẹ̀ tó ewé kókò, wọ́n wọ́lẹ̀, ó sì ká wọn mọ́ra bí ẹni tó da aṣọ bora. Akóhùnjọ ni wọ́n ń pè é. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á na ọwọ́ gígùn rẹ̀, á fi èékánná ta ahá kan, ohùn á jáde níbẹ̀. Ó ta àkọ́kọ́, ohùn baba arúgbó kan ní, "Ta ló ń tẹ ilé mi?" Ó ta èkejì, ohùn ìyàwó tuntun ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ó ta ẹ̀kẹta, ohùn alágbàṣe kan tó ń bínú ní, "Sọ̀rọ̀ kíá, oòrùn ń lọ!" Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti di ẹnu mi pa.

Nígbà tí mo rí ohùn mi, tó gbà kí n lò ó nínú gbàgede rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ohùn àbúrò mi ni mo wá gbà." Ó mi etí, ahá bíi márùn-ún sì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Gbogbo ẹni tó bá wá síbí ló máa ń ní àbúrò. Àlọ́ o!" Mo ní, "Àlọ̀!" Ó ní, "Ọgbà kan wà, kò ní òpó, kò ní okùn. Ẹni tó ni ín kò mọ ibi tó parí sí. Atẹ́gùn ń ṣí i nípò. Ẹni tó bá bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ti di ẹlẹ́rìí kó tó mọ̀. Kí ni o?" Ẹ̀yin kò ní tètè mọ̀ ọ́n. Èmi tí kò sí ohun mìíràn lọ́kàn mi láti oṣù mẹ́ta, ó ti wà lórí ahọ́n mi. Mo ní, "Etígbọ̀ọ́." Ó ta ahá mìíràn. "Ta ló wá jìnnà jù lọ sí ẹni tó ń ké?" Mo ní, "Ẹni tó gbọ́, tó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́." Ó ní, "O gbọ́n. Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní, "Láníhun ló kọ́ mi, mo sì fẹ́ san oore rẹ̀ fún un."

Ó wá bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ohùn náà ṣe. Mo ní mo fẹ́ sin ín lọ́nà ẹ̀yẹ. Ó ta àdó kékeré kan, ohùn ọmọdé jáde: "Irọ́!" Ó ta òmíràn, ohùn obìnrin ọlọ́jọ́ lórí kan: "Irọ́!" Gbogbo igi gbàgede náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo irọ́ mọ́ mi lórí. Mo fi ọwọ́ di etí, mo kígbe: "Ó dáa, ó dáa! Mo fẹ́ fi pa ènìyàn!" Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ohùn ìyá arúgbó kan ló fi dá mi lóhùn báyìí: "Ọmọ, ohùn kì í pa ènìyàn. Ẹni tí o fi bẹ́ẹ̀ kórìíra yìí, ṣé kó kú lo fẹ́ ni, àbí kó dáhùn?" Mo ní kò kàn án. Ó ní lóòótọ́, kò kan òun, ẹni tó bá ti san owó ọjà ló mọ bí yóò ṣe sè é. Mo bi í pé kí ni yóò gbà. Ó ní, "Etí kan fún ohùn kan."

Ẹ má wò mí báyẹn. Ọdẹ wo ló ń fi etí tọrẹ? Ojú ni ẹ̀yin rò pé a fi ń ṣọdẹ, ẹ kò mọ nǹkan kan. Etí méjèèjì ni ọdẹ fi ń mọ ìhà tí ẹran wà. Ẹni tó bá ku ẹyọ kan yóò gbọ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ bóyá iwájú ni tàbí ẹ̀yìn. Mo rò ó dáadáa. Mo rántí ẹ̀jẹ̀ tó là ọ̀nà nínú koríko. Mo yí etí òsì sí i. Ó fi èékánná kàn án, kò dùn mí rárá, apá ibì kan nínú ayé kàn dákẹ́ ni, kò sì tíì sọ̀rọ̀ dòní. Ó já àdó kékeré kan lórí igi, ìda oyin ló fi dí i lẹ́nu, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò sọ̀rọ̀. Bí o bá ṣí i lọ́nà, o ti gbọ́ tìrẹ nìyẹn. Àwọn yòókù yóò sì pè ọ́ bí o bá ti ń lọ. Bí o bá dá ẹyọ kan lóhùn nínú wọn, òun yóò lọ sílé, ìwọ yóò sì gbé orí igi dípò rẹ̀."

Mo sáré! Kí ni n ó máa fi bò? Ọdẹ́yalé apẹkùn sáré. Gbogbo ohùn tí ayé kò dá lóhùn rí ló tú lé mi lẹ́yìn. Obìnrin tó ń rọbí ń pe ọkọ rẹ̀. Ẹni tó jìn sí kànga ń pe ará ilé. Ọmọdé kan ń bèèrè pé ṣé àwọn ti gbàgbé òun ni. Pẹ̀lú etí kan tó kù fún mi, n kò mọ ìhà tí wọ́n wà. Ó dà bí ẹni pé inú agbárí mi ni gbogbo wọn ń gbé. Mo fi eyín mú okùn àpò mi, mo dì í mú ṣinṣin kí ẹnu mi má bàa ṣèèṣì là. Ó ku díẹ̀ kí n dé odò tí kò dún náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá mi gan-an: "Ọdẹ́yalé! Ọmọ mi, dúró dè mí, àìsàn ti wọ́ mi ṣubú lẹ́nu ọ̀nà!" Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ó ṣe? Ahọ́n mi ti gbé "Ẹ̀n" sókè tán. Mo gé okùn àpò náà já sẹ́nu, mo gbé e mì pẹ̀lú ìdáhùn náà, mo sì ṣubú lu omi gbì! Nígbà tí mo dìde lápá kejì, ẹyẹ ń ké. Mo jókòó, mo gbé àdó náà sórí itan. Ohun tó wù mí jù lọ láyé lásìkò yẹn ni pé kí n ṣí i, kí n gbọ́ àbúrò mi. Ìkórìíra Láníhun ni kò jẹ́ kí n ṣí i, ẹ fi ìyẹn sínú àwọn oore rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo bá ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ̀ le, igbó ló fẹ́ tàn mí. Mo fi àdó náà han Olúọ́dẹ, ó sì tún kó gbogbo ọdẹ lọ sígbó. Ó pín wọn sí méjì: márùn-ún dúró ti Láníhun níbi tó dúró sí lọ́jọ́ náà, márùn-ún tẹ̀ lé mi dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ Àkàngbé ti gbẹ. Ọ̀sán ni, afẹ́fẹ́ kò fẹ́, koríko dúró jẹ́ẹ́. Mo fi ọ̀bẹ yọ ìda náà. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn jáde, ohùn tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: "Hóò! Ẹ̀gbọ́n Láníhun o! Ẹfọ̀n ti kàn mí! Hóò! Ẹ gbà mí o!" A ń gbọ́ bó ṣe ń mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáhùn. Mò ń gbọ́ ikọ́ yín. Ẹ wà nítòsí, mò ń gbọ́ ikọ́ yín." Àwọn àgbà márùn-ún tó tẹ̀ lé mi sì bú sẹ́kún. Ó ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ o! Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ dé etí mi, báwo ni igbe mi kò ṣe ní dé etí tirẹ̀? Ká tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ti ìhà kejì, wọ́n ti ń sáré bọ̀ wá bá wa. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ láti orí dé ìdí. Wọ́n ní Láníhun fi ọwọ́ bo etí, ó ju ìbọn sílẹ̀, ó sì sá wọ inú igbó.

Èmi nìkan ni mo tọ ipa rẹ̀. Mo ní kí ẹnìkan má tẹ̀ lé mi. Àdá wà lọ́wọ́ mi, inú mi sì ń dùn, n kò ní purọ́, inú mi ń dùn bíi ti ẹni tó ń lọ síbi ìkómọjáde. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ àbàtà tó wà lẹ́yìn odò Ọ̀ṣìn. Bí mo ti ń wá a kiri ni mo gbọ́: "Ẹ gbà mí o! Irà ń gbé mi lọ! Ta ló wà níbẹ̀? Ọdẹ́yalé, ṣé ìwọ ni? Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ! Gbà mí!" Mo wo ẹ̀yìn, kò sí ẹnìkan. Ọlọ́run ọba! Ta ló tún ń bá mi wá irú èyí? N kò ní láti fọwọ́ kàn án pàápàá. Mo wá kùkùté igi kan, mo jókòó lé e, mo gbé àdá sórí orúnkún. Mo ní kó máa ké lọ. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Èmi nìkan ni mo fẹ́ jẹ èyí. Ó pè mí, mo dákẹ́. Ó tún pè mí, mo dákẹ́. Ó wá di pé kò lè sọ orúkọ mọ́, ó kàn ké bí ọdẹ ṣe ń ké: "Hóò!"

"Hóò!" Ẹnu mi ni o! Mo fi ohun gbogbo búra, èmi kọ́. Ogún ọdún ni ẹnu yìí ti ń dá igbe yẹn lóhùn, kò dúró bèèrè lọ́wọ́ mi. Mo bú u, mo gbá a, ó ti pẹ́ jù. Ọdẹ tó bá sì ti dáhùn gbọ́dọ̀ lọ. Mo dìde tòun ti ìbínú, n kò sì mọ ìhà tó wà, nítorí etí kan. Mo kígbe, "Máa ké, olórí burúkú! Máa ké lọ kí n lè mọ ibi tí o wà!" Ó ń ké, mo ń yí kiri, mo ń bú u, ó ń ké, títí mo fi kan án. Irà ti mu ún dé àyà. Mo gé ìtàkùn, mo jù ú sí i, mo fà á jáde bí mo ṣe ń gbé e ṣépè. Ó wó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ó ní, "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo gbọ́ ẹfọ̀n náà, mo gun igi. Mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. N kò lè sọ̀kalẹ̀." Ẹ̀rù! Èwo ló burú nínú ẹ̀rù? Ẹ̀rù ti ba gbogbo wa rí. Irọ́ tó pa lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó fi gba ìrẹ̀mọ̀jé lẹ́nu wa tó fi sin àbúrò mi bí ajá, òun ni n kò lè gbé mì.

A ṣe ìṣípà Àkàngbé. A sun ìrẹ̀mọ̀jé fún un fún ọjọ́ méje. Olúọ́dẹ ní kí a lé Láníhun kúrò nílùú. Èmi ní lílé kò tó. Bàbá Ajíbóyè wá yíjú sí ìyá wa, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ni òkú. Kí la ó ṣe fún un?" Ìyá wa ní, "Kó kọ́lé sí etígbọ̀ọ́ mi. Bí mo bá pe Àkàngbé, kó máa dáhùn." Mo bínú sí ìyá mi lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ti bínú sí Láníhun lọ. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Wọ́n wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ohùn arúgbó náà fúnra rẹ̀, ohùn tí kò lágbára mọ́, ilé Láníhun sì wá súnmọ́ tiwa débi pé mo lè gbọ́ bó ṣe ń rọ́jú sùn. Lójoojúmọ́, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìyá wa á bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, á pè: "Àkàngbé o!" Láníhun á dáhùn: "Hóò!" á sì dé, ì báà jẹ́ oúnjẹ ló ń jẹ, ì báà jẹ́ ibà ló ń ṣe é. Á ṣẹ́ igi fún un, á pọn omi, á jókòó tì í. Ọdún mọ́kànlá. Nígbà mìíràn àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín. Èmi á wọ inú ilé, n ó sì yí etí òsì sí wọn. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé láéláé.

Ìyá wa kú nígbà tí iṣu ọdún yìí ń ta. A sin ín dáadáa, a fi ẹ̀yẹ fún un. Mo rò ó pé ó parí nìyẹn, Láníhun lè tú ilé rẹ̀ palẹ̀, kó máa lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta tí a sin ín, ilẹ̀ ń ṣú lọ, ẹnìkan kò pe ẹnìkan, mo gbọ́ ọ láti ìta: "Hóò!" Mo yọjú. Láníhun, tó ti darúgbó báyìí, dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó kọjú sí ilé wa, ó ń retí. Ó tún ké e. Láti ọjọ́ náà, kò tíì fi ìrọ̀lẹ́ kan sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń wò mí, nítorí èmi nìkan ni ọdẹ tó kù létígbọ̀ọ́ rẹ̀, kò tún sí ẹni tí òfin ọdẹ ní kó dá a lóhùn bí kò ṣe èmi.

Ẹ gbọ́, òun ló ń ké yẹn. Ẹ jẹ́ kó máa ké. Etí kan ló kù fún mi, mo sì ń gbọ́ ọ dáadáa.